Bí Mo Ṣe Ka Ìlù Ọkàn Màámi Lójú Oorun àti Nígbà Tí Wọ́n Jí

Màámi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́ níbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti máa ń jí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ní àyà àwọn máa ń lù kì-kì-kì bí àwọn bá ti dìde. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò ní ká máa ka ìlù ọkàn wọn nílé, lójú oorun àti nígbà tí wọ́n bá jí, ká máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà.

Mi ò ra ẹ̀rọ kankan. Ìwé, bírò àti aago fóònù ti tó. Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ ọrùn ọwọ́ wọn, lápá ibi tí àtàǹpàkò wọn wà. Àtàǹpàkò ò ṣe é fi kà, torí iṣan tirẹ̀ náà ń lù, èèyàn lè máa ka ti ara rẹ̀. Odindi ìṣẹ́jú kan ni mo máa ń kà.

Ti òru ló gba sùúrù jù. Mo máa ń dúró títí wọ́n á fi sùn wọra, tí èémí wọn á gùn. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí náà ti òsì ni mò ń rọra mú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù, lílù náà á pòórá. Bí mo bá dẹwọ́, á tún padà, á máa lù, á máa dúró díẹ̀ kó tó tún lù. 54 ni mo kọ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, 76 ni.

Àgbàlagbà tó sinmi, tí kò sùn, láti 60 dé 100 ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Oorun lè mú un wá sí ìsàlẹ̀ 60 láìsí àìsàn. Iṣan kan wà, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀, tó ti inú ọpọlọ gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkàn, vagus lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń fa ìjánu ọkàn nígbà tí ara bá sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń súnmọ́ ìdájí, mo rí i tí ẹyinjú Màámi ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú. Àlá ni wọ́n ń lá. Lílù náà yára, ó tún falẹ̀, kò dúró sójú kan. Bí oorun àlá ṣe rí nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe lajú ni mo sọ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde." Lórí ìdùbúlẹ̀, 64. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, 70. Wọ́n dìde dúró, 84.

"Kí ló ń lé e, ọmọ mi?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé béèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ́ lọ sẹ́sẹ̀, ọkàn sì gbọ́dọ̀ yára kó lè gbé e dé orí. Ara fúnra rẹ̀ pàápàá ti ń múra ìjí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń tú cortisol, èròjà kan tó ń ta ara jí, sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárọ̀ tí aago ta wọ́n jí lójijì, ó lé ní 90 kí wọ́n tó kúrò lórí ìdùbúlẹ̀. Ní báyìí, wọ́n máa ń jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, àyà wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lù mọ́.

Nọ́ọ̀sì da àwọn nọ́ńbà náà kọ sínú káàdì wọn. Ó ní bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí èémí ò délẹ̀, tàbí tí òòyì fẹ́ gbé wọn ṣubú, ká má dúró kà á, ká gbé wọn wá lójú ẹsẹ̀. Ó tún ní ká máa kọ oògùn tí wọ́n bá lò lálẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú kí ọkàn falẹ̀.