Paddleboard Lẹ́yìn Ọkọ̀ Onígbòkun: Afẹ́fẹ́, Etí Òkun àti Òfin, láti Miami dé Exuma

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń fi ọkọ̀ onígbòkun rìn láti Miami lọ sí Exuma ní Bahamas. Níbi tí a bá ti ju ìdákọ̀ró, omi á tòrò, a ó sì gbé paddleboard, pátákó tí a ń dúró lé lórí omi tí a ń fi àjẹ̀ wà, sómi. Àlọ kì í ni wá lára. Ìgbà tí a bá fẹ́ padà sínú ọkọ̀ ni wàhálà ń dé: bí a ti ń wà á tó, ṣe ni ọkọ̀ ń jìnnà sí wa. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, ti rẹ̀ tẹnutẹnu kí bàbá rẹ̀ tó lọ gbé e. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe pé apá ọmọ yín kò lágbára.

Ní Exuma, láti ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí nìyí tí àwọn atukọ̀ fi ń sá sí apá ìwọ̀ oòrùn àwọn erékùṣù náà, kí ilẹ̀ lè bá wọn dí afẹ́fẹ́ àti ìgbì. Omi tó tòrò níbẹ̀ ló ń tan ènìyàn. Afẹ́fẹ́ ṣì ń gba orí erékùṣù kọjá, ó ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sí agbami, bí ẹ bá sì ṣe ń jìnnà sí ilẹ̀ ni yóò máa le sí i. Ẹni tó dúró lórí paddleboard, ara rẹ̀ ni ìgbòkun.

Ẹ tún wo ọkọ̀ yín. Ọkọ̀ tó wà lórí ìdákọ̀ró máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́, àfi tí ìṣàn omi bá yí i padà. Ìdí ọkọ̀ sì ni gbogbo wa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ọmọ tó fi àjẹ̀ kan omi rárá, afẹ́fẹ́ ti ń gbé e lọ. Ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n wà, nítorí pé ó ń yára.

Nítorí náà, iwájú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ wà á kọjá ibi tí okùn ìdákọ̀ró ti wọ omi, ẹ kọjú sí erékùṣù, kí ẹ fi agbára àárọ̀ na afẹ́fẹ́, kí afẹ́fẹ́ sì gbé yín bọ̀ nígbà tó bá rẹ̀ yín. Ẹni tí kò bá lè débi ìdákọ̀ró, kó padà sínú ọkọ̀; ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ paddleboard. Ẹ so okùn gígùn tó ń léfòó mọ́ ìdí ọkọ̀, bíi mítà 30, kí ẹ fi nǹkan tó ń léfòó sí ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá lọ lè dì í mú. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá sì wà lórí omi, kí ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì yín ti wà nínú omi, kí àgbàlagbà kan máa wò ó.

Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé ènìyàn, kó má dúró mọ́. Kó kúnlẹ̀, bí ìyẹn kò bá tó, kó dojú bolẹ̀, kó fi àyà tẹ àjẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa fi ọwọ́ méjèèjì wà á. Kó kọjú sí ilẹ̀ tó súnmọ́ jù, ọkọ̀ lè dúró. Kó fọn fèrè. Kó má sì fi pátákó sílẹ̀ láé pé òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Àwọn ojú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín erékùṣù kan sí èkejì ní Exuma, ẹ má gbé paddleboard débẹ̀. Omi ibẹ̀ ń ṣàn ju bí apá ènìyàn ṣe lè wà á lọ, nígbà tí omi bá sì ń fà, Exuma Sound, òkun tó jìn, ni ó ń gbé ènìyàn lọ. Ní Warderick Wells pàápàá, níbi tí ọkọ̀ ń so mọ́ àmì orí omi, ẹ dúró de ìgbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, láàárín kíkún àti fífà rẹ̀.

Ìbéèrè: Okùn ẹsẹ̀, èyí tó so ènìyàn mọ́ pátákó, ńkọ́? Ọkọ mi ní ó ń dí òun lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Kó so ó. Afẹ́fẹ́ ń gbé pátákó tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ lọ kíákíá ju ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Èyí tó ká bíi sípírí-ìǹgì dára jù, kò ní máa wọ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń ṣàn láàárín àwọn okùn ìdákọ̀ró àti òpó èbúté, kí ó wà ní ìbàdí, irú èyí tí a lè fà tú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ lè há mọ́ òpó, kí omi sì tẹ ènìyàn mọ́bẹ̀.

Ìbéèrè: Kí a tó kúrò ní Biscayne Bay ní Miami, ọlọ́pàá orí omi dá ọkọ mi dúró lórí paddleboard, ó bèèrè láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ṣebí pátákó lásán ni?

Ìdáhùn: Lójú òfin Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú omi ni. Láti 2008 ni Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ etí òkun Amẹ́ríkà, ti pinnu pé paddleboard tó bá kọjá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi ìgbì ti di ọkọ̀. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fèrè. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná funfun tí ẹ lè tàn kí ọkọ̀ mìíràn má baà kọlù yín. Ní Florida, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Irú èyí tí a ń so mọ́ ìbàdí, tó ń wú fúnra rẹ̀ bí a bá fà á, kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Òfin Florida kò fi dandan lé e kí ọmọ yín ọlọ́dún 11 wọ̀ ọ́. Èmi fi dandan lé e. Ẹ jọ̀wọ́, kó wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Pátákó onífẹ́fẹ́ ni tiwa. Lọ́sàn-án ó le gan-an, bí a bá gbé e sómi, á rọ̀.

Ìdáhùn: Oòrùn ń mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, omi tútù ń sún un kì. Ẹ gbé e sómi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó fi pọ́ọ̀ǹpù parí rẹ̀ dé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. 12 sí 15 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀) ló wọ́pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sórí ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹ tú díẹ̀ jáde. Bó bá ń rọ̀ lóru, ẹ da omi ọṣẹ sẹ́nu fáàfù. Ìfófòó á fi ibi tó ń jò hàn, ó sì lè jẹ́ pé ẹ kàn nílò láti fún fáàfù náà le.

Ìbéèrè: Ṣé a lè gúnlẹ̀ ní etí òkun tó bá wù wá?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní Bahamas, ìwé ló ṣáájú. Bí ẹ bá dé Bimini láti Miami, ẹ ta àsíá aláwọ̀ ìyeyè. Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ló lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aṣọ́bodè àti àwọn tó ń rí sí ìwọ̀lú. Ọmọ tó bá wa paddleboard lọ sórí iyanrìn ṣáájú ìyẹn ti wọ orílẹ̀-èdè láìgbàṣẹ.

Lẹ́yìn èyí, ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún ni ti gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ erékùṣù Exuma ní olówó tirẹ̀, nítorí náà ẹ dúró lórí iyanrìn tútù. Exuma Cays Land and Sea Park, ọgbà ìdáàbòbò ilẹ̀ àti òkun, wà láti 1958, kò sì sí ẹja pípa níbẹ̀, kò sí ìkarahun kíkó, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, torí ọwọ́ wọn á ti kó o kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ní Florida, bákan náà ni òfin ṣe fi iyanrìn ìsàlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ wo àmì funfun orí omi tó ní igun mẹ́rin aláwọ̀ ọsàn tí àgbélébùú wà nínú rẹ̀: ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé níbẹ̀. Àsíá pupa méjì, omi ti di títì. Láti agbègbè Brevard dé agbègbè Broward ní Florida, láti oṣù Kẹta di ìparí oṣù Kẹwàá ni ìjàpá òkun ń yé ẹyin, nítorí náà ẹ gbé pátákó, ẹ má wọ́ ọ kọjá orí iyanrìn gbígbẹ, ẹ má sì tan iná lóru.

Ní Big Major Cay, erékùṣù kan ní Exuma, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀ á lúwẹ̀ẹ́ wá bá yín, pátákò wọn sì lè lu pátákó onífẹ́fẹ́. Ẹ fi ọkọ̀ kékeré lọ. Ẹ má ju oúnjẹ sórí iyanrìn fún wọn; ní 2017, tí àwọn kan kú, iyanrìn ni wọ́n bá nínú wọn.