Bí mo ṣe kó ohùn àwọn ará ilé wa láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà

Gbogbo ẹni tó gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí ló ń bi mí pé sọ́fítíwíà wo ni mo lò. Audacity ni. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà látọdún 2000, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ìbéèrè yẹn parí síbẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí ló jẹ àkókò mi: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí, ọdún wo ló sọ ọ́, àwọn wo ló sì yẹ kó gbọ́ ọ?

Kásẹ́ẹ̀tì orin kọ́ ni mò ń wí o. Orin inú kásẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ohùn tirẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ṣe lẹ́tà ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó wà lókèèrè á jókòó ti rẹ̀kọ́dà, á tẹ bọ́tìnì, á kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, á ro tẹnu rẹ̀, á sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Àwọn ará ilé á gbọ́ ọ, wọ́n á gba èsì tiwọn sí ojú kejì, wọ́n á dá a padà. Ohùn tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe lónìí. Àmọ́ ti WhatsApp, ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ọ̀kan, ẹni tó gbà á náà ní ọ̀kan. Ti kásẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan péré ló wà láyé. Bí okùn rẹ̀ bá lọ́, tàbí tí ọmọdé fi ṣeré, ọ̀rọ̀ náà ti lọ nìyẹn.

Philips ló kọ́kọ́ pàtẹ irú kásẹ́ẹ̀tì yìí, ní ìlú Berlin, lọ́dún 1963. Lou Ottens, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe olórí àwọn tó ṣe é, ọkùnrin kan náà yìí sì tún lọ́wọ́ nínú CD tó wá gbapò mọ́ kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Okùn inú rẹ̀ jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi lúlúbú irin kùn lójú. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀kọ́dà, òòfà kékeré tó wà níbi tí okùn ti ń kọjá á máa fi àmì sára lúlúbú náà bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò. Àmì yẹn máa ń pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Okùn tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nínú àpótí gbígbẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ketekete. Ẹ̀rọ tó ń lù ú ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀ kú, nítorí pé rọ́bà inú rẹ̀ á rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ nǹkan, okùn kò sì ní rìn dáadáa mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ẹ̀rọ kí n tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo yá ọ̀kan wò nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ní USB lára, èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di MP3 kíá. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Ó yẹ kí okùn kásẹ́ẹ̀tì máa rìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.76 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsáré láìfalẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ yẹn ńṣe ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ohùn àgbà sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Téèpù ńlá àtijọ́ tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo padà sí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan bá mi pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu orí rẹ̀, ìyẹn òòfà kékeré tí okùn ń kọjá lójú rẹ̀, àti rọ́bà róbótó tó ń fa okùn. Ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú tó bá òwú yẹn jáde, lúlúbú irin tó ti bọ́ lára kásẹ́ẹ̀tì àwọn ọdún tó ti kọjá ni. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń dún bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́nu, ẹ nu orí ẹ̀rọ kí ẹ tó dá kásẹ́ẹ̀tì lẹ́bi.

Nǹkan kan tún wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ike kékeré méjì wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, lódìkejì ibi tí okùn ti yọjú, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ wọn, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Mo ṣẹ́ ti gbogbo wọn pátá. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹnì kan sì ti fi bébà dí ihò rẹ̀, kó lè gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹni tó dàgbà nígbà kásẹ́ẹ̀tì mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa. Mo yọ bébà náà kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi bírò yí okùn tó ti dẹ̀ kó le padà, mo yí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ dé òpin, mo sì dá a padà síbẹ̀rẹ̀, kí okùn tó ti lẹ̀ mọ́ra lè já ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ti wáyà kò le. Ó jáde níbi tí wọ́n ń ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ̀ lára téèpù, ó wọ inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sínú kọ̀ǹpútà láti ẹnu USB. Ohun tó gba ìṣọ́ra ni bí ohùn ṣe máa lágbára tó. Nínú Audacity, ìlà kan á máa fò sókè bí ẹni náà ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sì dín volume téèpù kù títí tí ibi tó ga jù fi ń dúró ní nǹkan bíi -6 lórí ìwọ̀n dB tí wọ́n fi ń wọn agbára ohùn; 0 ni òpin rẹ̀. Bó bá kọjá 0, orí ìlà ohùn á gé, kò sì sí oògùn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohùn tó bá rẹlẹ̀ ṣì ṣeé gbé sókè, èyí tó ti gé kò ní padà.

Kọ̀ǹpútà kì í gba ohùn mọ́ra bí okùn ṣe ń gbà á. Ńṣe ló ń wọn ohùn náà lemọ́lemọ́, tó sì ń kọ ohun tó bá wọ̀n sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ní ìwọ̀n tí CD fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ìgbà 44,100 ló ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí èèyàn kì í sábà gbọ́ ohùn tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín àsìkò yẹn, èèyàn sì gbọ́dọ̀ wọn nǹkan ju ìlọ́po méjì ìyẹn kó má bàa sọnù. Èmi lo 48,000 àti 24-bit (ìyẹn bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe kún tó), torí pé ohun tí mò ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ ṣe é. Rẹ̀kọ́dà tí wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohùn wọ̀nyí kò ní ju máìkì kan lọ, nítorí náà mono, ìyẹn ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo, ló tó, ìyẹn sì gé fáìlì sí ìdajì. Mo tọ́jú wọn ní FLAC, tó ń fún fáìlì pọ̀ láìju nǹkan kan nù nínú rẹ̀. MP3 máa ń ju díẹ̀ nù kó lè kéré. Ó dára fún fífi ránṣẹ́, kò dára fún ìpamọ́.

Kò sí ọ̀nà àbùjá. Ìṣẹ́jú 45 ni ojú kan kásẹ́ẹ̀tì C90, ìṣẹ́jú 45 náà ni ẹ máa fi jókòó tì í. Àwọn kan máa ń tan ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n bá tiwọn lọ. Èmi jókòó, mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, mo sì mú ìwé àti bírò. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí etí wa ṣe yí padà tó. Láti ọdún 2021 ni WhatsApp ti jẹ́ kí èèyàn lè mú ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i sáré, ní ìlọ́po kan àbọ̀ tàbí méjì, mo sì mọ àwọn tí kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni ní ìwọ̀n tó fi sọ ọ́ mọ́. Wọn ò lè mú àwọn ará kásẹ́ẹ̀tì sáré. Bàbá àgbà kí èèyàn lórí èèyàn fún ìgbà pípẹ́ kó tó dé ọ̀rọ̀ tó gbé e jókòó. Ó dákẹ́ nígbà tó fẹ́ ronú, rẹ̀kọ́dà sì ń yí lọ. Ẹnì kan wọlé, wọ́n kí i, ó jókòó, ó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ sí fóònù lónìí á ti fa ìka rẹ̀ kúrò kó tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ti àtijọ́ dára ju tòní lọ. Lẹ́tà kásẹ́ẹ̀tì lè pẹ́ lọ́nà títí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á fi di ọ̀rọ̀ àná. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ bàbá yẹn, mi ò gé e kúrò.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí ohùn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó sì ń tínrín sí i bó ṣe ń lọ, títí àgbàlagbà fi dà bí ọmọdé. Bátìrì ló fà á. Bátìrì rẹ̀kọ́dà ń kú lọ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, okùn ń falẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ tó dára bá wá lù ú ní ìwọ̀n tó tọ́, gbogbo rẹ̀ á sáré. Audacity lè dín eré kù, ó sì lè dín in kù díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ kò mọ bí ohùn ẹni náà ṣe yẹ kó rí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, mo sì lu ú sí wọn létí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ eléyìí. Àwọn nìyẹn?”

“Rárá o. Ohùn Bàbá wúwo jù báyìí lọ.”

Mo dín in kù sí i.

“O ti jẹ́ kó pọ̀ jù, wọn kì í fa ọ̀rọ̀ báyẹn. Gbé e sókè díẹ̀.” Wọ́n dákẹ́. “Ehn. Àwọn nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Kò sí ìlà kankan lójú kọ̀ǹpútà tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Ariwo ṣììì tó wà lábẹ́ ohùn ńkọ́? Mo dín in kù díẹ̀ nínú ẹ̀dà tí mo fẹ́ pín, mo fi èyí tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára nu ariwo á nu kọ́ńsónáǹtì mọ́ ọn, ohùn á sì máa dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Orúkọ fáìlì ló gbà mí lákòókò jù lọ. Lára kásẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n kọ lè jẹ́ “Ti Màmá” péré, láìsí ọdún, láìsọ màmá wo. Mo ń fetí wá àmì nínú ohùn náà: ìròyìn tí rédíò ń ka lẹ́yìn, ọmọ tó ń sunkún tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá kẹ́dùn. Bí mo bá ti mọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọdún kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún ni mo fi síwájú orúkọ fáìlì kí wọ́n lè tò tẹ̀lé ara wọn, nọ́ńbà kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e, ojú A tàbí B tẹ̀lé ìyẹn. Ìmọ̀ràn kan fún àwa tí à ń kọ Yorùbá: ẹ má fi àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì. Ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bíi “ẹ́”, ojú wa kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Bí fáìlì bá ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn, ẹ lè wá a kí ẹ má rí i. Mo kọ orúkọ láìlámì, mo sì ṣí ìwé kan tì í tí mo ti kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe tọ́: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló dá mi lójú, ta ni mo kàn fura sí, ìṣẹ́jú wo ni wọ́n dé orí kí ni.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ní: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú háàdì dírààfù tó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì fara da kí a gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí fún ọgbọ̀n ọdún. Háàdì dírààfù kò ní fara da á, nítorí náà mo ti kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà fóònù mi pé kí n máa ṣí i wò lọ́dọọdún. Mi ò sì ju kásẹ́ẹ̀tì kankan nù. Wọ́n dúró lóròó nínú àpótí, wọ́n jìnnà sí ẹ̀rọ agbọ́hùnsókè, torí òòfà ńlá ló wà nínú ìyẹn.

Pípín in ló kù. Gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp ni gbogbo èèyàn ń retí rẹ̀ sí, MP3 ni mo sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kí ó má bàa dín kù lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé e sí gbangba. Ẹ̀rọ ti wà báyìí tó lè fi ohùn díẹ̀ péré kọ́ bó ṣe máa sín èèyàn jẹ, títí kan ẹni tó ti kú. Ẹni tó ń bá ìdílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà náà kò fọkàn sí irú ìyẹn rárá.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí mi ò fi ránṣẹ́. Èèyàn méjì ló ń jà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sọ síra wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́. Ọ̀kan ṣì wà láàyè nínú wọn. Mo pè wọ́n, mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn nìkan, kí n má pa á rẹ́, kí n má sì jẹ́ kí ó dé gúrúùpù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Àmọ́ nọ́ńbà ni mo fi to kásẹ́ẹ̀tì, àwọn àbúrò mi sì ti rí i pé ọ̀kan fò. Wọ́n ti ń bi mí.