Kí Ẹ Tó Gbé Fláàṣì Wá Bá Mi: Àṣìṣe Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Word

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mi ò tíì jẹun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi nítòsí Fájuyì, ní Adó-Èkìtì níbí. Ó ní Word òun, ètò tí a fi ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ti bàjẹ́. Ó ti fún ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kó yọ ọ́ kúrò kó tún un fi sí i, síbẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún bàjẹ́. Mo ní kó ṣí i. Ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ohun tó sọnù ò ju pẹpẹ irinṣẹ́ òkè lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ribbon. Home, Insert, Layout, orúkọ wọn ṣì wà lókè. Àwọn àwòrán kéékèèké abẹ́ wọn ló ti ká sókè. Mo tẹ Ctrl àti F1 pọ̀. Gbogbo ẹ̀ padà. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tó rí onídán. Ó bèèrè iye tí òun máa san, mo ní kó máa lọ. Inú ń bí mi ju kí n gbowó lọ.

Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó máa ń tẹ Home lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ló ń ká pẹpẹ náà sókè, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún!

Kí n má ṣe bí ẹni tí wọ́n bí sídìí kọ̀ǹpútà. Word 2003 ni mo fi kọ́ṣẹ́, nígbà tí File, Edit, View àtàwọn yòókù ṣì tò lókè bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé Word 2007, tí wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò tí wọ́n fi ribbon rọ́pò, mo wá File títí, mi ò rí i. Oníbàárà dúró sí mi lẹ́yìn. Mo yíjú padà, mo fi gbogbo ẹnu sọ fún un pé ayédèrú ni wọ́n tà fún un, pé kò pé. Bọ́tìnnì róbótó kan sì wà lókè lápá òsì, tó ní àmì Office lára. Òun gan-an ni File. Èmi rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ní 2010 ni wọ́n dá orúkọ File padà, bóyá nítorí àwọn bíi tèmi. Nítorí náà, bí mo bá ń bínú níbí, èmi náà wà lára àwọn tí mò ń bínú sí.

Àkọ́kọ́: híhá orúkọ sórí láì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n á ya àpótí kan sójú pátákó, wọ́n á fi ọfà tọ́ka: Title bar, Menu bar, Standard toolbar, Formatting toolbar. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á há a sórí bíi Sáàmù. Ẹ jọ̀ọ́, Standard toolbar wo? Èyí tí wọ́n ti kó kúrò lójú Word láti 2007? Ọmọ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá ka gbogbo ẹ̀ láìṣi ẹyọ kan. Mo ní kó fi Title bar hàn mí lójú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Òkè pátápátá ló wà, ó fọwọ́ lé ìsàlẹ̀. Sàtífíkéètì rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá, ó ń dán.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ bọ́tìnnì, ẹ gbé mouse lé e, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ á sọ orúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì: bí ẹ bá tẹ File tí ìwé yín pòórá, kò lọ ibì kankan, ẹ tẹ Esc.

Ẹ̀kẹta: bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ àlàfo tó wà láàárín ojú ewé méjì lẹ́ẹ̀mejì, funfun òkè àti ìsàlẹ̀ á fara pamọ́, ojú ewé á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Enter láti yà wọ́n.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ jẹ́ kí n fa àga mi súnmọ́, torí eléyìí ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi ru.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ojú Word, status bar ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Lápá òsì, ó ń sọ ojú ewé tí ẹ wà, iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ, àti èdè tí ó rò pé ẹ ń kọ. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìka ka ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fún un lójú mi, láti orí ìkínní dé ẹgbẹ̀rún lé. Mo jẹ́ kó kà á tán kí n tó fi nọ́ńbà yẹn hàn án. Ìkà ni mí, mo mọ̀.) Lápá ọ̀tún, àwòrán mẹ́ta wà fún bí ẹ ṣe fẹ́ máa wo ìwé yín, lẹ́yìn wọn ni ìlà kan tó ní àmì ìyọkúrò lápá kan, àmì ìròpọ̀ lápá kejì, àti nọ́ńbà kan tó máa ń yí. Zoom nìyẹn.

Zoom kì í fi nǹkan kan kún lẹ́tà yín. Awò ojú ni. Ẹni tó fi awò wo ẹran inú ọbẹ̀ lè rí i kó tóbi, ẹnu rẹ̀ ló máa sọ òótọ́ fún un. Ìwọ̀n lẹ́tà gan-an wà lókè ní Home, nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà: 11, 12, 14. Òun nìkan ni printer mọ̀.

Màmá kan wá láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Wọ́n fẹ́ sìnkú ọkọ wọn. Ẹ sì mọ bí òkú àgbà ṣe ń rí l'Ékìtì: ìwé ètò ìsìn làwọn èèyàn ń gbé relé, wọ́n á fi sáàárín Bíbélì, ibẹ̀ ló máa wà títí ogún ọdún. Màmá tẹ ètò náà fúnra wọn, wọn ò fẹ́ kí ọmọ kankan ṣi orin kọ. Ojú ti ń dùn wọ́n, wọ́n bá fa zoom dé 200. Lẹ́tà wá rí gàdàgbà-gadagba lójú ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó ti tóbi jù, orin ò ní gba ojú ewé, wọ́n bá mú fọ́ǹtì wálẹ̀ sí 8.

Wọ́n gbé fláàṣì wá. "Ọmọ mi, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, mo ti tò ó."

Mo wò ó. Mo ní, "Mọ̀mí, lẹ́tà yìí kéré o."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní lẹ́tà kíkà? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ irú rẹ."

Mo dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ó yẹ kí n tẹ ẹyọ kan jáde kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n owó ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ti wọ̀ mí lójú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dá orin. Àwọn àgbààgbà iwájú gbé ìwé sókè, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún fà á mọ́ imú. Bàbá kan yí tirẹ̀ sódì, bóyá ẹ̀yìn á sàn ju iwájú lọ. Nígbà tó máa dé ẹsẹ kejì, àwọn akọrin nìkan ló ń dá a kọ. Uyán tí mo jẹ lọ́jọ́ náà ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi dáadáa.

Nítorí náà: bí ẹ bá fẹ́ mọ bí lẹ́tà yín ṣe tóbi tó, ẹ yéé bi zoom. Ẹ wo nọ́ńbà fọ́ǹtì lókè, kí ẹ sì tẹ ojú ewé kan ṣoṣo jáde. Ẹyọ kan! Owó ojú ewé kan ò lè pa yín.

Mo ṣì wà ní ìlà ìsàlẹ̀ yẹn o. Èdè tó kọ síbẹ̀ máa ń jẹ́ English. Ìdí nìyẹn tí ìlà pupa fi máa ń wà lábẹ́ orúkọ yín àti ti bàbá yín. Kì í ṣe pé Word ń bú yín, Gẹ̀ẹ́sì ló rò pé ẹ ń kọ. Ìlà náà kì í bá ìwé jáde, ẹ yéé sanwó fún ẹnikẹ́ni kó bá yín "pa á rẹ́". Ẹ tẹ orúkọ èdè yẹn: Yoruba wà nínú àwọn tó máa tò síwájú yín. Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ ti Yorùbá, ẹ tẹ 1EB9, kí ẹ wá tẹ Alt àti X pọ̀, á di ẹ. 1ECD á di ọ, 1E63 á di ṣ. Àwọn tó ń fi bírò fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán, mo rí yín.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹfà, mi ò kà á mọ́. Òkè ojú ewé, níbi tó funfun yẹn, header ni: ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ á yọ ní gbogbo ojú ewé. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Word á gbé yín wọlé síbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ yòókù á ṣá bí aṣọ tó pẹ́ nínú oòrùn. Ọmọ oní-sàtífíkéètì yẹn náà ló kọ odidi lẹ́tà ìwáṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó dé ojú ewé kejì, ó bá lẹ́tà náà níbẹ̀, ó ti ń dúró dè é. Ó pa á rẹ́ níbẹ̀, ti àkọ́kọ́ náà lọ. Ó tún un kọ, méjèèjì padà. Ó ní ẹ̀mí àìrí wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ àárín ojú ewé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó jáde.

Ọ̀rọ̀ space bar ńkọ́? Ẹ ń fi ọgbọ̀n space ti àkọlé lọ sáàárín, nígbà tí Ctrl àti E wà. Ẹ ń fi Enter mẹ́rìnlá wá ojú ewé tuntun, nígbà tí Ctrl àti Enter wà. Tí mo bá wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un lókè, gbogbo ilé yín á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ àmì ¶ ní Home kí ẹ rí ohun tí ẹ ṣe: space kọ̀ọ̀kan á yọ bí ẹ̀kán tóótòòtó. Mo tẹ̀ ẹ́ lójú obìnrin kan, ó figbe ta pé mo ti kó fáírọ́ọ̀sì sí iṣẹ́ òun.

Rúlà tó wà lókè, ohun tó dà bí aago iyanrìn lórí rẹ̀ lápá òsì, ẹ má fà á bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n. Onígun òkè ń ti ìlà àkọ́kọ́ nìkan, ti ìsàlẹ̀ ń ti ìlà yòókù, àpótí kékeré abẹ́ wọn ń kó gbogbo wọn lọ. Bí rúlà ò bá sí, ó wà ní View.

Ẹ wo Size ní Layout: bébà tiwa A4 ni, bó bá kọ Letter, ẹ yí i.

Lókè pátápátá, bí ó bá kọ Document1, iṣẹ́ yín ò tíì lórúkọ, ẹ ò tíì fi í pamọ́. Ctrl àti S, kí iná tó lọ. Mo ti tẹ ojú ewé mẹ́rìnlá rí pẹ̀lú Document1 tó ń wò mí lójú ní gbogbo òru. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Màmá Ẹ̀fọ̀n padà wá, nígbà ìrántí ọdún kan. Mo ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Ẹyọ kan ná." Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n gbé e lọ síta nínú oòrùn, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n fà á mọ́ra. Wọ́n padà wọlé, wọ́n jókòó.

"Ó dáa. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."