Bí A Ṣe Ń Fẹ́ Náítírójìn Sí Táyà Spọ́ọ̀tì Káà

Ìdérí fáàfù aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi ń sàmì pé náítírójìn ló wà nínú táyà, kò sọ táyà di oní-náítírójìn. Mo ti rí Porsche kan ní Lẹ́kí tó dé ìdérí ewé sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ iṣẹ́ ṣe kò ju pé ó fẹ́ náítírójìn díẹ̀ lé atẹ́gùn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ.

Atẹ́gùn tí à ń mí fúnra rẹ̀, bí ẹ bá pín in sí 100, 78 ti jẹ́ náítírójìn. Ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí 21. Ọ́síjìn ló máa ń tètè gba ara rọ́bà jò jáde. Omi tó bá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fọkanáísà wọ inú táyà náà ló ń jẹ́ kí gééjì máa ṣe ségesège nígbà tí táyà bá gbóná. Consumer Reports ti Amẹ́ríkà dán an wò láàárín 2006 sí 2007: wọ́n fẹ́ táyà sí 30 psi (psi ni ìwọ̀n agbára tí atẹ́gùn fi ń ti táyà), wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọdún kan. Ti atẹ́gùn lásán fi 3.5 psi lọ sílẹ̀, ti náítírójìn fi 2.2. Kì í ṣe idán, ṣùgbọ́n táyà spọ́ọ̀tì káà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú, tó ń bá kòtò ojú ọ̀nà wa jà, kò ní psi kan tó lè fi ṣòfò.

Ìdájí ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí mọ́tò ti sùn mọ́jú. Bí ooru bá fi bíi 6 digírì lé, psi 1 ló máa ń gòkè, torí náà ẹni tó wọn táyà ní kété tó ti Ìbàdàn dé, ooru ló ń wọ̀n. Iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà ni kí ẹ tẹ̀lé, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òkè tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹ má wulẹ̀ lọ ra sìlíńdà. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní náítírójìn àti régúlétọ̀, ohun tó ń dín agbára tó ń ti inú sìlíńdà jáde kù. Ẹ bẹ ti àdúgbò yín, ẹ fún un lówó ọtí. Ẹ ka orúkọ tó wà lára sìlíńdà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ rẹ̀: ọ́síjìn inú sìlíńdà kò gbọdọ̀ wọ táyà láéláé. Tó bá kún, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ju 2,000 psi lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dẹ ọwọ́ tí a fi ń yí agbára régúlétọ̀ (kì í ṣe ibi tó ti so mọ́ sìlíńdà) títí yóò fi dẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó ṣí sìlíńdà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yí ọwọ́ náà dé 50 psi. Gbangba ìta ni kí ẹ ti ṣe é. Nínú gáréèjì tó pa dé, náítírójìn lè gba àyè atẹ́gùn tí ẹ̀ ń mí láìrùn rárá.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: títú atẹ́gùn àtijọ́ dànù. Bí táyà bá wà ní 28, tí ẹ fi náítírójìn gbé e dé 32, ẹ kàn gbé 78 dé nǹkan bí 80 ni. Kò sí ohun tí ẹ ṣe.

Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan, kí ẹ fi sítáǹdì tì í, kí ẹ tó tú atẹ́gùn rẹ̀. Mọ́tò tó bá jókòó lórí táyà tó ti rọ̀ pátápátá ń fi rímù tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa. Mo ti rí táyà tuntun tó bàjẹ́ báyìí kó tó rin ìrìn kan. Ẹ tẹ píìnì inú fáàfù títí ariwo yóò fi dákẹ́, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹni tó bá sáré yọ ọ́, ojú rẹ̀ ni píìnì náà yóò fò wá bá. Ìdérí onírin àtijọ́ tó ní ẹnu ṣóńṣó lórí tó láti fi yọ ọ́, irinṣẹ́ olówó gọbọi kò pọn dandan.

Nígbà tí gééjì bá ní òdo, táyà kò tíì ṣófo. Atẹ́gùn tó dọ́gba pẹ̀lú ti ìta ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ dá píìnì padà, ẹ fẹ́ náítírójìn dé 32: ọ́síjìn kù sí bí 6 tàbí 7 nínú 100. Ẹ tún tú u dànù, ẹ tún fẹ́ ẹ: ó kù sí 2. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìnáwó ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀tàn ni, mi ò sì kí i gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ da ọṣẹ hó sórí fáàfù. Ibi tó bá ń yọ ìfófò, ibẹ̀ ló ń jò. Tí mọ́tò yín bá ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára táyà lára fáàfù, píìnì funfun tó bá a wá ni kí ẹ dá padà; onídẹ yóò jẹ aluminíọ́mù tí wọ́n fi ṣe fáàfù náà. Ìdérí onírin tí ẹ fi yọ píìnì, ẹ fi í sínú àpò, ẹ lo oníke, torí ti irin máa ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ fáàfù títí ẹ óò fi gé e.

Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bó bá rọ̀ lójú ọ̀nà tí kò sí náítírójìn nítòsí, fọkanáísà tó bá súnmọ́ yín jù ni kó fẹ́ ẹ.