Mo da sọ́dọ́ọ̀sì sóko, àgbàdo mi wá ń pọ́n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìta Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń dáko. Sọ́ọ̀mílì kan wà nítòsí wa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní sọ́dọ́ọ̀sì, mo wá kó o wá, mo ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, mo gbin àgbàdo sí i. Ó hù dáadáa o, àmọ́ ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n báyìí, ṣóńṣó ewé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń tọ àárín bọ̀. Òjò sì ń rọ̀. Ṣé àìsàn ni àbí májèlé?

Ìdáhùn: Èwo ni májèlé níbẹ̀! Nàìtírójìn, oúnjẹ inú ilẹ̀ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, ló wọ́n àgbàdo yín. Bakitéríà àti fọ́ńgáì, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀, ló ń jẹ sọ́dọ́ọ̀sì yẹn, káábọ̀nù tó ń fún wọn lágbára ló sì kún inú ẹ̀, ó lè ju nàìtírójìn ibẹ̀ lọ ní ìlọ́po 200, òmíì tiẹ̀ tó 500, bẹ́ẹ̀ ara àwọn kòkòrò yẹn fúnra wọn, bíi káábọ̀nù 8 sí nàìtírójìn 1 ni. Ẹni tó ní ẹ̀bà rẹpẹtẹ tí ò lọ́bẹ̀, ọbẹ̀ ará ilé kejì ló máa lọ bù. Nàìtírójìn tó yẹ kí gbòǹgbò àgbàdo rí fà, àwọn ló ń gbé e mì.

Ìbéèrè: Ṣé kí n hú u ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ fi yúríà díẹ̀, ìyẹn ajílẹ̀ tó ní nàìtírójìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀, kó má kan igi ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Táwọn kòkòrò yẹn bá kú, nàìtírójìn ara wọn á padà sílẹ̀, àmọ́ àgbàdo tòní ò lè dúró dè é. Lọ́jọ́ míì, orí ilẹ̀ lásán ni kẹ́ ẹ tẹ́ sọ́dọ́ọ̀sì sí, ẹ má rò ó pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìgbẹ́ adìyẹ po ó kó jẹrà.

Ìbéèrè: Èmi wà lÓǹdó, èèpo kòkó àti ìgbẹ́ adìyẹ ni mo kó jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, kò sì gbóná rárá.

Ìdáhùn: Omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé, àwọn kòkòrò tí ò nílò afẹ́fẹ́ ló ti gba ibẹ̀, àwọn ló ń rùn yẹn. Ẹ tú u ká, ẹ po ewé gbígbẹ tàbí sọ́dọ́ọ̀sì mọ́ ọn, ẹ fi tapólì bò ó kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ fún un, tí omi bá ń ṣàn lọ́wọ́ yín, ó ṣì ti tutù jù, ẹ̀kán kan sí méjì ló yẹ kó jáde. Ẹ máa yí i dáadáa, àárín ẹ̀ yẹ kó gbóná dé bíi 55 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius, ooru yẹn náà ló ń pa kòkòrò tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn káwọn èèyàn kàn máa da èèpo tútù sábẹ́ kòkó bẹ́ẹ̀.