Má Ṣe Da Èbù Àtijọ́ Nù: Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ lórí Orírun Irè Oko

Láti Kàbà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà ni ó kún oko wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ilẹ̀ yìí ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn baba wa ni a ti gbà wọ́n. Ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n sọ koríko ìgbẹ́ kan di àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Gúúsù igbó Amásónì ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀, àwọn Potogí ni wọ́n sì gbé e wọ Áfíríkà ní sẹ́ńtúrì 16. Ata ọbẹ̀ wa pẹ̀lú, Amẹ́ríkà ni ó ti wá.

Ẹ má sì ṣe fi ibi tí irè kan ti pọ̀ jù ṣe orírun rẹ̀. Nàìjíríà ni ó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní àgbáyé, síbẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń dá hù nínú igbó wà. Nígbà tí kòkòrò funfun kan tí ń mu oje ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ba oko jẹ́ káàkiri Áfíríkà ní àwọn ọdún 1970, Gúúsù Amẹ́ríkà náà ni ó ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ní láti lọ wá ọ̀tá rẹ̀. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n kékeré tí ń pa á ní 1981, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn sì tú u sílẹ̀ sí oko.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń sọ pé òyìnbó ni ó kó gbogbo oúnjẹ wa wá. Irọ́ ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀wà ti ṣẹ̀. Ní ti iṣu funfun, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, èyí tí ó fi àbùdá iṣu oko wé ti iṣu ìgbẹ́, tọ́ka sí agbègbè odò Ọya, odò kan náà tí ó gba ìpínlẹ̀ wa kọjá. Òmíràn ní 2020 sọ pé àdàlù iṣu inú igbó àti iṣu inú ọ̀dàn ni. Ilẹ̀ wa níhìn-ín sì ni igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Láàárín àwọn iṣu wa, àlejò ni ewùrà, láti Éṣíà.

Ìdí nìyí tí àṣìṣe tí ó burú jù lójú mi fi jẹ́ dída èbù àtijọ́, iṣu tí a ń gé gbìn, nù nítorí pé ọjà ń béèrè irú iṣu kan ṣoṣo. Ó máa ń dùn mí gidigidi tí mo bá bi ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan léèrè iṣu àtijọ́ bí igángán tàbí èsúrú, tí kò sì mọ̀ ọ́n. Èbù kì í bí ọmọ tuntun, ìyá rẹ̀ gan-an ni ó ń tún hù, nítorí náà àrùn tí ó bá ṣẹ́gun ọ̀kan yóò ṣẹ́gun gbogbo ebè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dùnkún òyìnbó ní ilẹ̀ Ireland láti 1845 nìyẹn: irú kan ni ọ̀pọ̀ tálákà gbìn, àrùn wọ̀ ọ́, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn sì kú.

Ẹ má ṣe ka orúkọ kí ẹ sì pè é ní oríṣi. Iṣu kan lè ní orúkọ kan lọ́dọ̀ àwọn Ìyàgbà kí ó sì ní òmíràn lọ́dọ̀ àwọn Owé. Ẹ wo ẹ̀gún, ewé, ìtàkùn àti ìgbà tí ó ń gbó. Ẹ má sì ṣe gbin àgbàdo ìbílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ìtajà, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé àtíkè òdòdó rẹ̀ kiri, yóò sì dà á pọ̀.

Àwọn mìíràn a sọ pé Ìbàdàn ti bá wa kó irúgbìn pamọ́ sínú òtútù. Lóòótọ́ ni, ẹ̀wà tí ó ju 15,000 oríṣi lọ wà ní IITA. Ṣùgbọ́n irúgbìn inú òtútù kì í bá ọ̀dá ọdún yìí pàdé, kò sì ní kọ́ láti fara dà á. Ti iṣu tún le jù, nítorí èbù kì í pẹ́ nínú àká bí hóró ẹ̀wà: èyí tí a kò bá gbìn ní àsìkò yìí yóò jẹrà kí òmíràn tó dé. Poro kan ṣoṣo ní igun oko tó fún oríṣi tí ọjà kò fẹ́.