Bí a ṣe ń yẹ ọ̀pá ìbọn AR-15 wò kí a tó rà á

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ìbọn ní Amẹ́ríkà láti ra AR-15, ohun tó ń dán ni yóò kọ́kọ́ rí: àwọ̀, ìdìmú, awò tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán. Ẹ gbójú kúrò lára wọn. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé pààrọ̀ nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìbọn àti bóòtù tó ń ki ọta wọlé, tó sì ń ju èèpo rẹ̀ síta, ni ó ń fi hàn bóyá ojúlówó ni.

Ẹ yọ magasíìnì, àpótí tí ọta wà nínú rẹ̀, kúrò ná, kí ẹ tó fa bóòtù sẹ́yìn, kí ẹ fojú wo ihò ọta, kí ẹ sì fi ìka tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá fa bóòtù kí ẹ tó yọ magasíìnì, ọwọ́ yín ni ẹ fi máa ki ọta mìíràn wọlé nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá. “5.56 NATO 1/7” ń sọ pé ihò rẹ̀ gba ọta 5.56 ti ológun, àti pé àwọn ìlà tí a fín sínú rẹ̀ ń lọ́ yípo lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì 7. “MP” ń sọ pé wọ́n ti fi òòfà yẹ irin náà wò bóyá ó sán. Bí ó bá jẹ́ .223 Remington, ọta ará ìlú tó jọ 5.56, ni wọ́n kọ, ẹ má ṣe fi ọta 5.56 NATO sí i, bó tilẹ̀ wọlé, nítorí pé àyè tó wà láàárín ọta àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ìlà náà kéré, agbára ẹ̀tù sì lè ga kọjá ààlà.

Ìlọ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú, tí wọ́n á máa rò pé èyí tó bá yára jù ló dára jù. Gígùn ọta ni ó ń pinnu rẹ̀: bí òkòtó tí wọn kò ta dáadáa ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọta gígùn tí kò yí tó ṣe ń ṣe nínú afẹ́fẹ́. Àwọn AR-15 àkọ́kọ́ ń lọ́ ní íǹṣì 14, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù máa ń ki, ọta kò sì dúró ṣinṣin nínú òtútù líle, ni wọ́n bá sọ ọ́ di 12. Nígbà tí M16A2, ẹ̀yà ìbọn yìí ti ológun, dé ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sọ ọ́ di 7 nítorí ọta M856 tó gùn gan-an, èyí tó ń tan iná lẹ́yìn kí ológun lè rí ipa rẹ̀. Ará ìlú tó ń ta ọta sí bébà kò nílò ìyẹn. Ní tèmi, 1/8 ló tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ó ń gba ọta gírénì 55 títí dé 77 láìjanpata (gírénì ni a fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó; èyí tó bá wúwo jù ló sábà máa ń gùn jù).

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n tẹ̀ nìkan. Ẹ wé aṣọ tó há dáadáa mọ́ orí ọ̀pá ìfọ̀bọn tí ìdìmú rẹ̀ lè yí, ẹ tì í wọ inú ọ̀pá ìbọn, kí ẹ fi báírò fa ìlà kan sí òkè rẹ̀ níbi tó ti yọ síta, kí ẹ wá rọra máa fà á títí ìlà náà yóò fi yí padà sókè. Iye íǹṣì tó jáde nígbà náà ni ìlọ́ rẹ̀.

Ní ti bóòtù, ẹ wo skúrù méjì tó di ọ̀nà gáàsì mú lórí irin tó gbé e: ó yẹ kí wọ́n ti lu irin etí wọn wọlé sára skúrù kí wọ́n má baà tú. Ibi tí olówó pọ́ọ́kú ti ń fojú fo iṣẹ́ nìyí. Ẹnu ọ̀pá ìbọn, níbi tí ọta ti ń jáde, kò sì gbọ́dọ̀ ní ìfà kankan.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù, tí ẹni tó ni ín sì gbà kí ẹ dán an wò ní pápá ìyìnbọn, ẹ wo ihò tó wà lára bébà. Bí ihò bá gùn dípò kí ó rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé. Ẹ tún fi ọta gírénì 55 yìn ín: bí ihò bá di róbótó, ọ̀pá náà ṣì dára, ọta àkọ́kọ́ ló gùn jù fún un, bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí àwọn ìlà inú rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.